Fáìlì íméèlì tó kọ̀ tí kò ṣí: ẹ má tíì fọ́màtì kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò jẹ́ ti ẹgbẹ́, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, Gmail ni mo sì fi ń gba íméèlì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí mọ́. Àkọsílẹ̀ ìpàdé láti Lọ́ńdọ̀nù dé, winmail.dat ni wọ́n pè é. Àwòrán gbọ̀ngàn ìlú tuntun tí ọmọ wa kan yà nígbà tó wálé fún Ojúde Ọba ń parí sí HEIC. Ìwé ìṣirò owó ṣí, ṣùgbọ́n n kò lè tẹ ohunkóhun sí i. Fáìlì zip kan, irú èyí tí wọ́n di fáìlì púpọ̀ pọ̀ sínú rẹ̀, ní òun ti bàjẹ́. Ó wá ku ọ̀kan tó ń jẹ́ Invoice, n kò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí n jẹ́ kí òun fọ́màtì ẹ̀rọ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́màtì kọ̀ǹpútà yẹn. Tí wọ́n bá fọ́màtì rẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ kò tíì dà kọ síbòmíràn yóò bá a lọ. Tó bá sì di ọjọ́ kejì tí ẹ tún tẹ winmail.dat, kò ní ṣí. Àwòrán HEIC náà kò ní ṣí. Mẹ́rin nínú fáìlì márùn-ún tí ẹ dárúkọ, ọ̀rọ̀ wọn kò kan fáírọ́ọ̀sì rárá. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀kan ránṣẹ́ ló fa tirẹ̀, ápù tí kò sí lórí ẹ̀rọ yín ló fa ti òmíràn, ààbò ló so ẹ̀kẹta lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé ìkẹrin kúrú. Ẹ̀karùn-ún, Invoice yẹn, ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, nítorí òun nìkan ló lè ṣe ẹgbẹ́ ní jàǹbá.

Ẹ ní ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti já. Fáìlì tí àwọn olè fi ránṣẹ́ kì í sábà kéde ara rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Irú mìíràn á ṣí ojú ewé kan tó jọ ti Gmail tàbí ti Microsoft, á ní kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù íméèlì yín kí ìwé náà tó lè ṣí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀dọ̀ wọn ló lọ, ìwé kankan ò sì ní jáde. Ẹ rántí dáadáa: ǹjẹ́ ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù síbì kan lọ́jọ́ yẹn? Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kò dá yín lójú, ẹ mú fóònù yín lónìí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà yẹn o, kí ẹ fi pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù íméèlì náà. Ẹ tan 2-Step Verification pẹ̀lú, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ kò ní lè wọlé láìjẹ́ pé fóònù yín fọwọ́ sí i.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà tí ọkàn yín balẹ̀ sí, bóyá ti ọmọ tàbí ti aládùúgbò, ẹ wọ Settings, kí ẹ wo abẹ́ Forwarding and POP/IMAP, lẹ́yìn náà Filters and Blocked Addresses. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé olè orí íméèlì kì í kánjú. Á ṣètò pé kí gbogbo lẹ́tà yín máa dé ọ̀dọ̀ òun náà, á máa ka ohun tí ẹ̀yin, akápò àti agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ń bá ara yín sọ. Lọ́jọ́ tí owó bá fẹ́ jáde, lẹ́tà kan á dé tó jọ ti agbaṣẹ́ṣe pátápátá, á ní àwọn ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà. Owó tí gbogbo ìlú dá á gba ibẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akápò sọ ọ́ lónìí: nọ́ńbà àkáǹtì tuntun tó bá gba orí íméèlì wá, kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ sí i àfi tó bá ti pe agbaṣẹ́ṣe lórí fóònù, nọ́ńbà fóònù tó ti ní tẹ́lẹ̀ ni kó sì pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà.

Ó wá kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ Windows Security, ẹ ṣí i. Ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Scan options, ẹ yan Microsoft Defender Offline scan. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó bá wà níwájú yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tan, á wá yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ rí i pé iná wà, tàbí pé bátìrì kún dáadáa, kó má baà kú sáàárín. Tí kò bá rí nǹkan kan, tí ẹ sì ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ padà sí Gmail, ẹ ṣí lẹ́tà náà láì fọwọ́ kan fáìlì inú rẹ̀, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, ẹ yan Report phishing. Tó bá rí nǹkan tí kò lè mú kúrò, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ fọ́màtì tó wáyé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da ìwé ẹgbẹ́ sórí fíláàṣì. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ Windows 11 tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.

Ó ku àwọn mẹ́rin yòókù. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìparí yẹn ló fi ń mọ ápù tó yẹ kó pè. Ẹ jẹ́ kí a mú un jáde. Ẹ ṣí File Explorer, èyí tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ fódà aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ tẹ View lókè, ẹ ó rí àpótí kékeré kan níwájú File name extensions, ẹ fi àmì sí i. Lórí Windows 11, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show, kí ẹ tó rí i. Lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń jẹ́ Isiro Owo tẹ́lẹ̀ á di Isiro Owo.xlsx. Ìrù orúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní fáìlì òun kò ṣí. Docx, Word ló ni ín. Xlsx, Excel ni. Pdf á ṣí nínú Edge tó ti wà lórí gbogbo Windows 10, kò sí ohun tí ẹ máa rà. Tí ìrù náà bá jẹ́ exe, js, vbs, scr, iso tàbí html, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ìwé owó tàbí ìwé ẹ̀rí, ẹ sá fún un.

Ìwà ìfìrùpamọ́ yìí ti ṣe ayé léṣe rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, íméèlì kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, ó sì tàn káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows fi vbs pamọ́. TXT nìkan làwọn èèyàn rí, wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì ń ba fáìlì wọn jẹ́, ó tún ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa jẹ́ kí ìyókù yé yín. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni wọ́n dá íméèlì sílẹ̀ fún. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nathaniel Borenstein, òun àti Ned Freed ló ṣe ìlànà tó ń jẹ́ MIME, tó jẹ́ kí a lè so nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́tà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1992, Borenstein fi àwòrán àti orin ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́ni mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́nà yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní ni pé wọ́n á sọ fáìlì náà di lẹ́tà a, b, d gbọọrọ, wọ́n á kó o sínú íméèlì, ẹ̀rọ ẹni tó gbà á á wá tò ó padà, bí a ṣe ń tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà, tí a sì ń tò ó pọ̀ nínú yàrá. Títú palẹ̀ yìí máa ń jẹ́ kí fáìlì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i lójú ọ̀nà. Bí apá kan bá ṣẹ́kù sí ìta, tàbí tí ẹni tó tú u bá tú u lọ́nà tí àwọn tirẹ̀ nìkan mọ̀, kò ní ṣeé tò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Winmail.dat kì í ṣe orúkọ tí akọ̀wé wọn fún ìwé náà. Outlook, ápù íméèlì ti Microsoft, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó ń lo Outlook bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní irú tí wọ́n ń pè ní Rich Text, Outlook á kó ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣọ̀ọ́ àti fáìlì tó so mọ́ ọn papọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, winmail.dat, tó jẹ́ pé Outlook ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń tú u. Ìwé yín wà nínú ẹrù yẹn láìfarapa. Ìdí nìyí tí akọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù fi lè búra pé ó ṣí fún àwọn yòókù: Outlook ni àwọn yẹn ń lò, Gmail ni tiyín.

Ọ̀dọ̀ wọn ni àtúnṣe wà. Kí ó ṣí Outlook, kó tẹ File, Options, Mail, kó wo Compose messages in this format, kó yí i sí HTML. Kó sún sísàlẹ̀ ojú ewé yẹn kan náà, á rí ìlà tó ń sọ̀rọ̀ nípa Rich Text tó bá ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó yan Convert to HTML format. Kó wá tún àkọsílẹ̀ náà fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá nílò èyí tó ti dé kó tó tún un fi ránṣẹ́, ápù kan wà tó ń jẹ́ Winmail Opener tí ẹ lè gbé sórí Windows láti fi tú u. Àwọn ojú ewé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé kí ẹ gbé winmail.dat wá, àwọn á bá yín tú u. N kò fẹ́ kí ẹ lò wọ́n. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye tí kálukú dá nínú, kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú ìyẹn sùn lórí ẹ̀rọ àjèjì.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú pé PDF ni kí wọ́n máa sọ àkọsílẹ̀ di kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ìdí mìíràn wà fún èyí tó kan àwa Yorùbá. Ẹ ti lè rí ìwé Word tó ṣí wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ, ọ àti ṣ inú rẹ̀ di àpótí òfìfo tàbí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Fọ́ǹtì tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ́hùn-ún ni kò sí lórí ẹ̀rọ yín, pàápàá ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀ kí Unicode, ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, tó gbòde. PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, nítorí náà àmì ohùn àti àmì abẹ́ á wà bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fi wọ́n sí i.

Ó kan àwòrán gbọ̀ngàn. HEIC ni irú àwòrán tí iPhone ń yà láti ìgbà iOS 11 ní ọdún 2017, Apple sì yàn án nítorí pé ó máa ń jẹ tó ìdajì àyè tí JPEG, irú àwòrán tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ̀, ń jẹ. Windows 10 tó wà lọ́dọ̀ yín kò mọ̀ ọ́n kà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Microsoft Store, ẹ wá HEIF Image Extension, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ. Àwòrán iPhone sábà máa ń fẹ́ ìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, HEVC Video Extensions, owó péréte ni wọ́n ń gbà lórí ìyẹn. Tí ẹ kò bá ní káàdì tí ẹ lè fi sanwó, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ wa ní Houston sọ wọ́n di JPEG kó tó tún wọn fi ránṣẹ́. Fún èyí tó máa yà lọ́jọ́ iwájú, kó wọ Settings lórí iPhone rẹ̀, Camera, Formats, kó yan Most Compatible. Àwòrán tó ti yà tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà o, àwọn tuntun nìkan ni.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ kàn pa heic rẹ́ nínú orúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ jpg síbẹ̀. Orúkọ ló yí, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí. Àwọn mìíràn á ní kó gba WhatsApp. Òótọ́ ni pé á ṣí tó bá gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń fún àwòrán mọ́ra, á sì dínkù. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi àwòrán gbọ̀ngàn yẹn síwájú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìgbà tí ìwé bá jáde lọ́dọ̀ atẹ̀wé lẹ máa rí i pé ojú rẹ̀ ti ṣú. Ẹ jẹ́ kó wá lórí íméèlì, ní kíkún. Gmail kò ní jẹ́ kí èèyàn fi ju 25 MB lọ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà kan. Tí àwòrán bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ yín ni línkì Google Drive. Bí línkì yẹn bá ní ẹ kò ní àṣẹ láti wọlé, ẹ tẹ Request access, kí ẹ sì pe ọmọ náà pé kó fọwọ́ sí i.

Ìwé ìṣirò owó ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ti máa ń sọnù. Ẹ wo òkè Excel nígbà tí ẹ bá ṣí i. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ PROTECTED VIEW sí, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Enable Editing sí. Láti Office 2010 ni Microsoft ti ń ṣe èyí. Fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, Windows á fi àmì sí i lára, Excel á sì ṣí i fún kíkà nìkan títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i. Ẹ mọ akápò, ẹ sì ń retí ìwé náà, nítorí náà ẹ tẹ Enable Editing, ẹ ó lè tẹ nǹkan sí i. Bí ọ̀já yẹn kò bá hàn rárá tí Excel ṣì ń kọ̀, ẹ ti Excel, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, ẹ wo ìsàlẹ̀; bí ẹ bá rí Unblock, ẹ fi àmì sí i, ẹ tẹ OK, kí ẹ tún un ṣí. Bọ́tìnnì mìíràn lè yọjú tó jọ ti àkọ́kọ́, Enable Content ni wọ́n kọ sí i. Ìyẹn ni kí ẹ má tẹ̀. Ó ń jẹ́ kí àṣẹ tí wọ́n kọ pamọ́ sínú fáìlì, macro ni wọ́n ń pè é, máa ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olè fi gba ibẹ̀ wọlé, kí Microsoft tó dí i ní 2022 fún fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, Office tó ti pẹ́ kò sì ní dí i fún yín. Ìwé ìṣirò owó oṣù kan kò nílò macro láti ṣí.

Wàyí o, níbo ni ẹ ti ṣí ìwé náà? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ fáìlì kan nínú Gmail láti gbé e wálé, ẹ̀dà tuntun ló ń bọ́ sínú Downloads. Ẹ ṣí fódà yẹn báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí Isiro Owo.xlsx, Isiro Owo (1).xlsx, Isiro Owo (2).xlsx. Ẹ lè jókòó fún gbogbo ọ̀sán kí ẹ tẹ owó tuntun sínú (1), kó wá jẹ́ pé (2), tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ni ẹ fi ránṣẹ́ sí akápò. Ẹ wo Date modified tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ àti aago rẹ̀ bá ìgbà tí ẹ ṣiṣẹ́ mu ni tiyín. Ẹ gbé e lọ sínú Documents, ẹ fún un lórúkọ tó ní oṣù àti ọdún nínú, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé fáìlì sí Documents, kí ẹ tó ṣí i láti ibẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bá ń lo Outlook, ẹ kìlọ̀ fún un gan-an: ẹni tó bá ṣí ìwé láti inú lẹ́tà, tó tẹ nǹkan sí i, tó sì tẹ Save lásán, inú fódà ìgbà díẹ̀ kan tó fara pamọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ lè wọ̀, Outlook sì lè nù ún dànù.

Zip tó ní òun bàjẹ́ kò le tó bí ó ṣe ń dún. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ nínú Downloads, Properties, kí ẹ wo Size. Ẹ fi wé iye tí Gmail kọ sára rẹ̀ nínú lẹ́tà. Bí Gmail bá sọ 14 MB tí tiyín sì jẹ́ 5 MB, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já kó tó wọlé tán. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un gbé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Bí orúkọ rẹ̀ bá parí sí crdownload, kò tíì dé rárá, Chrome ṣì ń dúró de ìyókù rẹ̀.

Bí iye méjèèjì bá bára mu tó sì ṣì ń kọ̀, ẹ jẹ́ kí a yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ ṣí Notepad, ẹ fa zip náà sọ sínú rẹ̀. Wúruwùru ni ẹ ó rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ wò. Zip tòótọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, orúkọ Phil Katz tó ṣe é ní 1989 ni wọ́n gé kúrú. Docx àti xlsx náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, nítorí zip ni wọ́n nísàlẹ̀. PDF máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Tí ẹ bá rí Rar, irú mìíràn ni wọ́n fi orúkọ zip bò; ẹ gbé 7-Zip, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí ẹ̀rọ, á ṣí i. Tí ẹ bá rí html níwájú, ojú ewé lásán ni ẹ gbé wálé, kì í ṣe fáìlì náà. Ẹ ti Notepad láì tẹ Save, torí bí ẹ bá tẹ Save, ẹ ó ba fáìlì náà jẹ́ lóòótọ́. Ìdánwò yìí wà fún fáìlì àwọn ènìyàn tí ẹ mọ̀. Ẹ má dán an wò lórí Invoice yẹn.

Tí zip bá ti ṣí, ẹ tẹ Extract All kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun inú rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá ṣí láti inú zip, kíkà nìkan ló wà fún. Bí Windows bá kígbe pé orúkọ ti gùn jù, ẹ gbé zip náà lọ sí Desktop kí ẹ tún gbìyànjú: orúkọ fódà àti ti fáìlì papọ̀ kì í sábà lè kọjá lẹ́tà 260. Bí orúkọ àwọn fáìlì inú rẹ̀ bá sì di àmì ìbéèrè tàbí lẹ́tà àjèjì níbi tó yẹ kí ọ, ẹ àti ṣ wà, ẹ má dààmú, orúkọ ló dàrú, ohun inú wọn wà bó ṣe wà. Nínú ìwé, ẹ kọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ní ti orúkọ fáìlì tó fẹ́ wọ zip, ẹ kọ ọ́ láìlámì.

Lẹ́tà tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù àti Houston rèé, ẹ tún un ṣe bó bá ṣe wù yín: «Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, láti oṣù yìí lọ, kí àkọsílẹ̀ ìpàdé máa wá ní PDF, kí àwòrán máa wá ní JPEG. Ẹni tó ń lo Outlook, kó fi í sí HTML, kó má ṣe jẹ́ Rich Text. Ẹ kọ orúkọ fáìlì àti iye rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí n lè mọ̀ pé èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ ló dé. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó ní àkáǹtì ẹgbẹ́ ti yí padà, kódà kó jẹ́ orúkọ mi ló wà lókè rẹ̀, ẹ pè mí lórí fóònù kí ẹ tó san nǹkan kan.»

Tí ó bá ku èyí tó ṣì ń kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà kan náà lórí fóònù yín. Bí ó bá ṣí níbẹ̀, fáìlì náà pé, ápù ló kù lórí kọ̀ǹpútà. Bí kò bá ṣí níbẹ̀ náà, ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi: orúkọ rẹ̀ tìrù-tìrù, iye MB tó wà nínú lẹ́tà àti èyí tó wà nínú Downloads, àti ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà sọ gan-an, bí ó ṣe kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ. Ẹ má fi fáìlì náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí ìwé ẹgbẹ́ ni.